Ohun Tí Ìdí-Osè Fi Sínú Ìkòkò

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀ yìí, tó fún wa ní omi mu, tó sì fún wa ní ẹnu tí a fi ń sọ èyí tó wà lọ́kàn wa. Ẹ fún mi ní etí díẹ̀. Ìtàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi. Ẹ bá mi gbé e.

Bùkọ́lá ti tú aṣọ ẹnu ìkòkò náà tán kó tó rántí pé kò yẹ kí òun tú u.

Baálẹ̀ Seidou ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún, ó ń wo inú ìkòkò. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn ń wò ni. Ẹ̀wà funfun ló kún ibẹ̀. Àgbàdo tó wà láàárín rẹ̀ kò ju ohun tí adìyẹ kan lè ṣà jẹ kí wọ́n tó lé e. Ẹ̀pà díẹ̀ fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ó dáa," ni baálẹ̀ wí. Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀: "Ó dáa, ọmọ mi. Ẹ kó ẹrù yín."

Nígbà tó dìde, kò wo ojú Bùkọ́lá mọ́. Pọ́ǹpù omi ló ń wò, èyí tó wà lábẹ́ igi osè níwájú ilé rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi, tí wọ́n ń bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ Òjó, ẹni tó gbẹ́ ẹ, gàdàgbà sára ògiri sìmẹ́ńtì tó yí pọ́ǹpù náà ká. Bùkọ́lá tẹ̀lé ojú baálẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì sáré da aṣọ bo ẹnu ìkòkò.

Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ló mú un ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Nílé ìyá-ìyá rẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀nà rélùwéè Tchaourou, àlejò tó bá gbé ẹrù wọlé, tó jẹ, tó mu, tó wọ yàrá, kò ní dágbére láìkọ́kọ́ tú ẹrù náà níwájú onílé. Bí nǹkan bá sọnù lọ́la, ojú ẹnikẹ́ni kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi èyí kọ́ ọ láti kékeré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi àdúrà orí oúnjẹ kọ́ ọ. Baálẹ̀ Seidou sì ti ṣe wọ́n lálejò dáadáa. Ó sun iṣu fún wọn, ó fi òróró àti ata sí i, ó ní kí ìyàwó òun yọ̀ǹda yàrá fún iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ará Tchaourou, ṣé ẹ ò ní tú ẹrù yín kí n rí i?" Ọwọ́ Bùkọ́lá ti dé ìdí okùn kí orí rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Farid ló gbé e padà sórí alùpùpù. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, alùpùpù ló fi ń gbé èrò nínú ìlú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò sọ ohunkóhun títí wọ́n fi kọjá oko kajú àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ló ti dá alùpùpù dúró, ó pè é ní Tata, bí wọ́n ti ń pe àǹtí níbẹ̀.

"Tata Bùkọ́lá."

"Mo mọ̀, Farid."

"Ta ló ṣòfin pé a ò gbọ́dọ̀ tú ìkòkò kankan àfi tí a bá délé?"

"Èmi ni."

"Vwalà, ẹ rí i báyìí. Bàbá arúgbó kan rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ tú u. Ká ní ó ní kí ẹ fún òun ní alùpùpù mi ńkọ́?"

Bùkọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá. "Bóyá kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Baálẹ̀ tí Òjó ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí?" Farid tún tẹ alùpùpù. "Ẹ̀yin lẹ mọ àdúrà gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí."

Iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdìbò ń bọ̀, Òjó sì fẹ́ wọlé sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Òun ló ń ra kajú jù lọ ní gbogbo agbègbè náà, láti Sanson títí dé ọ̀nà Bétérou. Lójoojúmọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò rẹ̀ ń fi gbohùngbohùn polówó káàkiri pé gbogbo ènìyàn ló wà lẹ́yìn Òjó. Ẹni tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀, bó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, a rò pé òun nìkan ṣoṣo ló kù láyé, a sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹni kejì tó ń du ipò náà jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kò ní mọ́tò, kò ní gbohùngbohùn. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn nìkan ló ní.

Lẹ́yìn ìdánrawò akọrin lọ́jọ́ kan, Bùkọ́lá, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló sọ ọ́ pé, "Bí gbogbo ènìyàn bá wà lẹ́yìn Òjó, ẹ jẹ́ kí a bi gbogbo ènìyàn léèrè." Ẹnì kan ní sọ̀ńdáàjì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Faransé, pé àwọn ọ̀mọ̀wé Cotonou ló ń ṣe é. Habibath, tó wá pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lára àwọn akọrin, fèsì láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ṣé ọ̀mọ̀wé Cotonou ló mọ ohun tó wà nínú mi?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láti inú ẹ̀rín yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Habibath kó àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣa kajú wá. Farid kó àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù wá. Ẹnì kan mú epo bẹntiróòlù, ẹnì kan mú ìkòkò, ẹnì kan ní òun ní ẹ̀gbọ́n ní Sanson tí yóò gbà wọ́n sílé. Wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ olóṣèlú kankan. Nọ́ọ̀sì àgbà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà.

Kò sí àgbẹ̀ tí yóò dárúkọ ẹni tó wù ú fún àlejò tó mú kálámù dání. Nítorí náà, irúgbìn ni wọ́n ń lò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba àgbàdo kan, ẹ̀wà kan, ẹ̀pà kan. Àgbàdo dúró fún Òjó, ẹ̀wà dúró fún nọ́ọ̀sì, ẹ̀pà dúró fún ẹni tí kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe. Onítọ̀hún á dá wọ inú yàrá, á ju ọ̀kan sínú ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, á da ìyókù sínú abọ́ ńlá tí oríṣiríṣi irúgbìn ti wà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dé Tchaourou, wọn á da ìkòkò abúlé kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn kí wọ́n tó ka ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ṣe pamọ́, tí orúkọ abúlé náà sì pamọ́.

Èyí ni Bùkọ́lá ṣàlàyé ní Ìdí-Osè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Opó kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Alimatou, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọge. Òun ló kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀.

"Bí mo bá fi ẹ̀wà sí i, ta ni yóò mọ̀?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni, Ìyá. Ọlọ́run nìkan ni."

"Ọlọ́run kì í ṣòfófó," ni Alimatou wí. Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tíì wọ yàrá. Ó fa Bùkọ́lá mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí: "Ọmọ mi, ẹni tó gbẹ́ omi yẹn fún wa kò gbẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, òun nìkan là ń ta kajú fún, iye tó bá sì wù ú ló ń san. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í wọ̀n bí òṣùwọ̀n. A ń mu omi rẹ̀, a ń gbé e mì pẹ̀lú ẹkún. Ṣé ó dá ọ lójú pé nǹkan kan kò ní ṣe wá?"

"Mo fi orúkọ Jésù mi ṣèlérí fún yín, Ìyá. Nǹkan kan kò ní ṣe yín nítorí ohun tí ẹ bá fi sínú ìkòkò yìí."

"Dakọ́ọ̀, mo gbà," ni Alimatou wí, ó sì wọlé.

Ìlérí yẹn ni Bùkọ́lá gbé sùn lọ́jọ́ náà, òun ló sì gbé jí.

Àwọn ọkùnrin kan wá sí Ìdí-Osè kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọ́n kí baálẹ̀, wọ́n kí àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé korobá wọn kúrò. Wọ́n tú apá pọ́ǹpù náà, irin gígùn tí wọ́n fi ń fa omi, wọ́n dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù wọn bí ẹni di ọ̀pá ìpẹja, wọ́n ní ó fẹ́ àtúnṣe. Kò sí ariwo. Kò sí ìjà. Wọ́n tilẹ̀ kí àwọn obìnrin kú iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Habibath ló mú ìròyìn náà wá sílé Bùkọ́lá. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ kan tó dì mọ́ abíyá láti fi di ìkòkò tó yá wọn, òun ló wá gbà padà.

"Má bínú, Tata. Ọ̀gá wa níbi ìṣakajú bèèrè lónìí bóyá mo mọ̀ yín. Mo ní mò ń gbọ́ ohùn yín nínú orin ni."

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, Habibath."

"Mo lọ́mọ nílé." Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Mo lọ́mọ, Tata."

Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ti wọlé tí kò jáde mọ́. Bí Bùkọ́lá bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, alùpùpù kan a máa tẹ̀lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kì í ya ọ̀tún, kì í ya òsì, kì í sì í bá a. Bó bá dúró bí ẹni ń ra ọsàn, ẹni náà á dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé lọ́sàn-án gangan nínú ooru. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń ka ìwé sókè, ó sì ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni wà nísàlẹ̀ kànga. Nígbà tó bá fẹ́ gbàdúrà, ojú Alimatou ló máa ń rí, àti ẹnu ara rẹ̀ tó ń ṣèlérí.

Ó gbìyànjú. Ó lọ bi àwọn tó yẹ kó mọ̀ nípa omi, wọ́n ní ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ ló ni ín. Ó lọ sí ilé rédíò tó wà nítòsí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka ìròyìn fún un ní àga, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Tata, èsì ìwádìí yín, mo lè kà á. Ìyẹn ni mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù, kí ni kí n sọ? Pé ẹnì kan ń tún ẹ̀rọ ara rẹ̀ ṣe?"

"O mọ̀ pé kì í ṣe àtúnṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Òjó pàdé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ará mi, nítorí ó dùn mí láti sọ: ọmọ ìjọ kan náà ni wọ́n. Páànù tó wà lórí wọn bí wọ́n ti ń kọrin, Òjó ló rà á. Bàbá Ìjọ ni wọ́n ń pè é, iwájú ló sì ń jókòó.

"Ẹ kú orin, Tata Bùkọ́lá. Ohùn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ sí ọ̀run lónìí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Mo gbọ́ pé ẹ ti di àgbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wà yín ṣe dáadáa ní Ìdí-Osè."

Àwọn alàgbà tó dúró tì í rẹ́rìn-ín, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Apá pọ́ǹpù yẹn. Odò ni wọ́n ń pọn báyìí, màlúù ló sì ń mu níbẹ̀."

"Ó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ." Òjó na ọwọ́, ó mú fọ́nrán òwú kan kúrò ní èjìká aṣọ akọrin rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí bàbá ti í ṣe fún ọmọ. "Ẹ̀rọ tí wọn kò bá mọ rírì rẹ̀ a máa tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn a máa yí padà, àbí kì í ṣe ohun tí olùṣọ́-àgùntàn wàásù rẹ̀ lónìí nìyẹn? Ẹ padà lọ bi wọ́n. Ìkòkò yín ni kí ẹ lò. Mi ò ní fi ẹnikẹ́ni sí i, mi ò ní fún yín ní nǹkan kan. Olómìnira ni yín, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu wọn, ẹ kà á lórí rédíò, kí ẹ dárúkọ Ìdí-Osè. Òótọ́ ni kí ẹ kà. Mo fẹ́ràn òótọ́."

"Bí ìdáhùn wọn kò bá yí padà ńkọ́?"

"A jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ kò tíì ṣe tán." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí ìyàwó alàgbà, ó wọ mọ́tò.

Bùkọ́lá sọ fún Farid pé òun kò ní lọ. Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, alùpùpù Farid fara ti ògiri, táyà rẹ̀ méjèèjì ti rọ̀. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ là wọ́n nígbà tó ń kírun lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀.

"Bí mo bá lọ, irọ́ ni màá kó wálé," ni Bùkọ́lá wí. "Irọ́ tí èmi fúnra mi fi ìkòkò mi kó. Kí la wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún?"

Farid ń ti ìka bọ ibi tí ọ̀bẹ ti là lára táyà. "Èmi ò bẹ̀rù wọn, Tata." Ó yọ ìka náà. "Irọ́ ni. Mò ń bẹ̀rù wọn gan-an. Ìyá mi ní kí n lọ sí Parakou kí n máa gbébẹ̀."

"Ṣé o máa lọ?"

"Pẹ̀lú táyà wo?"

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Alimatou yọ láti ẹ̀yìn ilé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ẹ̀bá títì kó tó rí ẹni gbé e, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Bùkọ́lá gbé omi fún un. Ó wo omi náà fún ìgbà díẹ̀, ó mọ́ kedere nínú ife, kó tó mu ún. Ó mu ún tán láìmí.

"Ẹ kú ìjókòó. A sin ọmọ Rahimatou lánàá," ni ó wí. "Èyí tó ń fi ìdí wọ́. Ó ṣu títí, ó bì títí, ojú rẹ̀ wọnú. Kí a tó rí alùpùpù tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọmọ-ọmọ tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu."

Bùkọ́lá kúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo tú ìkòkò náà. Baálẹ̀ ní kí n tú u, mo sì tú u."

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. O hùwà ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù. "Dìde. Kì í ṣe ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Àwọn tó tú pọ́ǹpù ní ó yẹ kí o padà wá bi wá, pé o kọ̀."

"Mo kọ̀ nítorí yín ni. Ẹ ti sọ òótọ́ yín, mi ò fẹ́ kí ẹ gbé e mì."

"Ọmọ mi," ni Alimatou wí, "òótọ́ kò ṣe é pọn fún ọmọdé mu. Wá bi wá. Mo bẹ̀ ọ́. Wá bi wá lọ́la."

Farid yá táyà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo Ìdí-Osè ti jókòó lábẹ́ igi kí wọ́n tó dé. Kò sí ẹni tó ń bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹnu pọ́ǹpù gbẹ, ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì rẹ̀. Baálẹ̀ Seidou kí wọn, kò sì gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ ti tún yàrá náà ṣe, ó ti gbá ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Bùkọ́lá gbé ìkòkò síbẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ wọlé.

"Ẹ gbé e wá síta," ni ọkùnrin kan wí.

"Ó ní láti wà ní ìkọ̀kọ̀, Tonton. Kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tí ẹ fi sí i."

"A fẹ́ kí wọ́n rí i," ni ọkùnrin náà wí.

Wọ́n gbé e síta. Alimatou ló kọ́kọ́ dìde. Ó mú àgbàdo rẹ̀ láàárín ìka méjì, ó gbé e sókè sí baálẹ̀, ó gbé e sókè sí àwọn ọkùnrin méjì kan tó jókòó sórí alùpùpù lójú ọ̀nà, tí Bùkọ́lá kò tíì rí títí di ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ló jù ú. Ó dún nínú ìkòkò òfìfo. Ó kọjá níwájú Bùkọ́lá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó. Àwọn kan mú ẹ̀wà àti ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n nà án sójú kí gbogbo ayé rí i, kí wọ́n tó dà á nù. Rahimatou ló kẹ́yìn. Ìyá ọmọ tó kú ni, ọmú rẹ̀ ṣì ń da wàrà sára aṣọ. Ó ju àgbàdo rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bùkọ́lá, ó sì sọ ohun tí ẹnì kan ti kọ́ ọ pé kó sọ.

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ ní a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Farid ló gbé e dìde.

Wọ́n ka èsì náà lórí rédíò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dárúkọ Ìdí-Osè, ó ní gbogbo ilé ló ju àgbàdo, ìyẹn ni pé wọ́n wà lẹ́yìn Òjó. Ó fi kún un pé àwọn olùwádìí olómìnira ló ṣe é, àwọn ará ìlú fúnra wọn, tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Wọ́n dá apá pọ́ǹpù padà kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọmọ-ọmọ Alimatou sì mu omi tó mọ́. Ó yè. Bùkọ́lá gbọ́ ọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì sunkún lórí ọpẹ́ náà.

Ó lè dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé kan ṣì kù lójú ọ̀nà Bétérou tí wọ́n ti ṣèlérí fún. Ibẹ̀ jìnnà, Òjó kò gbẹ́ nǹkan kan síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ Bùkọ́lá níbẹ̀. Ó rò ó pé bí ìkòkò kan ṣoṣo bá lè mọ́, yóò tó òun. Ó gbàdúrà, ó wọ aṣọ tó mọ́, Farid sì gbé e lọ láàárọ̀.

Àwọn obìnrin abúlé náà rí wọn lókèèrè. Kí alùpùpù tó dúró, kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n ti jáde sí ojú ọ̀nà, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ wọn. Àgbàdo ló wà níbẹ̀, nínú ọwọ́ gbogbo wọn, àti ti àwọn ọmọ tí kò tíì tó ẹni tí ń dìbò. Ìyá àgbà kan bọ́ síwájú, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o, Tata. A gbọ́ lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ó jù ú sí?"

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí dé òpin, kí Olúwa má jẹ́ kí omi gbẹ lẹ́nu yín. Kí ó má fi ọmọ yín ṣe owó ohun tí ẹnu yín sọ. Bí ẹ bá wọ yàrá kan, tí ẹ dá wà pẹ̀lú ọkàn yín, kí ohun tí ẹ mú wọlé jẹ́ ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kí Ọlọ́run tó ń rí ìkọ̀kọ̀ ṣọ́ ilé yín lónìí. Àmín.